Ẹ Fi Àrokò Kọ Orúkọ Mi

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́dún kejì ní ẹ̀kọ́ lórí àṣà Yorùbá. Orí àrokò ni a wà lọ́jọ́ náà. Mo ti ṣàlàyé títí, mo ti mẹ́nu ba owó ẹyọ, ìyẹ́ ẹyẹ, òòyà àti èédú, mo wá fi gbólóhùn kan tí mo fẹ́ràn láti máa sọ dé gbogbo rẹ̀ ládé. Mo ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ fún wọn mọ́ láé pé àwọn baba wa kò mọ ìwé kí òyìnbó tó dé, nítorí pé àrokò ni ìwé wọn. Àwọn ọmọ pàtẹ́wọ́. Ọmọbìnrin kan tí ó jókòó lẹ́yìn wá nawọ́. Ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́ sà, bí àrokò bá jẹ́ ìwé, ẹ fi àrokò kọ orúkọ mi."

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo fi àwàdà bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀, mo sì kọjá sórí ohun mìíràn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé, ẹ̀rín náà kò dùn lẹ́nu mi mọ́. Ohun tí mo sọ ní kíláàsì kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Mo ti kọ ọ́ sínú àpilẹ̀kọ kan nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba oyè ọ̀mọ̀wé, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ń tọ́ka sí i nínú iṣẹ́ wọn. Orúkọ ọmọbìnrin náà kò gùn rárá, sílébù mẹ́ta péré ni. Mo jókòó ti tábìlì mi títí ilẹ̀ fi ṣú, n kò rí àrokò tí mo lè fi kọ ọ́.

Kì í ṣe pé àrokò kò jinlẹ̀. Ẹni tí ó bá fi òòyà ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń sọ fún un pé àwọn yóò yà. Ẹni tí ó bá fi owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ ń sọ pé ọkàn òun fà sí ẹni tí yóò gbà á, nítorí pé ẹ̀fà ni iye náà. Bí ẹni tí ó gbà á bá fi mẹ́jọ dá a lóhùn, ohun tí ó ń sọ ni pé àwọn méjèèjì jọ ń ro ohun kan náà ni. Ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ni wọ́n ti gba irú àwọn àrokò báyìí lọ sí London, tí àwọn onímọ̀ ibẹ̀ sì kọ̀wé lé wọn lórí láàárín ọdún 1880 sí 1890. I. J. Gelb, tí ó jẹ́ àgbà nínú ìmọ̀ ìkọ̀wé àtijọ́, mẹ́nu bà wọ́n nínú ìwé rẹ̀, A Study of Writing, tí ó jáde ní ọdún 1952.

Ẹ kíyè sí bí ohùn àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ti bára mu rẹ́gí. Ohùn ìsàlẹ̀ ni fà ní nínú ẹ̀fà, ohùn ìsàlẹ̀ náà ni ó ní nígbà tí ọkàn bá fà. Ohùn àárín ni jọ ní nínú ẹ̀jọ, ohùn àárín náà ni ó ní nígbà tí a bá jọ ṣe nǹkan. Owó ẹyọ mẹ́fà kò jọ ìfẹ́ ní ọ̀nà kankan tí ojú lè rí. Etí ni ó so wọ́n pọ̀. Èyí gan-an ni ó gún mi lọ́kàn ní alẹ́ ọjọ́ náà, nítorí pé ohun tí àwọn onímọ̀ kà sí ẹnu ọ̀nà ìkọ̀wé ní gbogbo ayé nìyí: ọjọ́ tí àmì bá kúrò lábẹ́ ojú tí ó bọ́ sábẹ́ etí. Àwọn baba wa ti dé ẹnu ọ̀nà náà. Kí ni ó wá dé tí n kò fi lè kọ orúkọ ọmọbìnrin kan?

Ìbéèrè yìí ni ó gbé mi lọ sí ìlú Uruk, nítorí pé ibẹ̀ ni a ti lè fi ojú ara wa rí bí ìkọ̀wé ṣe bẹ̀rẹ̀. Uruk yìí ni Bíbélì pè ní Ereki nínú ìwé Jẹ́nẹ́sísì. Gúúsù ilẹ̀ Ìráàkì ni ó wà, Warka ni orúkọ tí wọ́n ń pè é lónìí. Láti ọdún 1912 ni àwọn awalẹ̀pìtàn ará Jámánì ti ń wa ilẹ̀ ibẹ̀, wàláà amọ̀ tí ó tó nǹkan bí 5,000 ni wọ́n sì rí tí ó jẹ́ ti nǹkan bí ọdún 3300 sí 3000 kí a tó bí Jésù. Ẹni tí ó bá ń retí ìtàn àwọn ọba tàbí àdúrà sí òrìṣà lára wọn yóò retí títí. Bí a bá mú mẹ́wàá nínú wọn, ìṣirò ni ó wà lára mẹ́jọ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ: àgùntàn mélòó ni ó wọlé, ọkà bálì mélòó ni ó jáde, ọtí mélòó ni a fún ta ni. Èyí tí ó kù jẹ́ àkójọ ọ̀rọ̀ tí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ń dà kọ. Ọ̀kan nínú àwọn àkójọ náà, tí ó ka orúkọ oyè àti iṣẹ́ ọwọ́ ní sísẹ̀-n-tẹ̀lé, wà láìyí padà púpọ̀ fún bí ẹgbẹ̀rún ọdún. Àwa tí à ń fi ìwé àkàgboyè kan náà kọ́ àwọn ọmọ lọ́dọọdún, ẹ jẹ́ kí a fi ọwọ́ bo ẹnu.

Ọ̀kan lára àwọn wàláà náà ṣe ìṣirò ọkà bálì òṣùwọ̀n 29,086 láàárín oṣù 37. Àmì méjì tí wọ́n ń kà sí Kushim wà ní ìdí rẹ̀. Àwọn kan ní orúkọ ènìyàn ni, àwọn kan ní orúkọ ipò iṣẹ́ ni. Èyí tí ó wù kí ó jẹ́, ẹni tí ó ń dáhùn fún ọkà ni, kì í ṣe ọba, kì í sì í ṣe akéwì.

Abọ́ amọ̀ kan tún wà tí àwọn awalẹ̀pìtàn rí lọ́pọ̀ yanturu ní ayé ìgbà náà, abọ́ tí a mọ wàràwàrà láìdán, tí gbogbo rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ rí bákan náà. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé òun ni wọ́n fi ń wọn oúnjẹ fún àwọn òṣìṣẹ́. Bí akọ̀wé bá fẹ́ kọ oúnjẹ, ó ya abọ́. Bí ó bá fẹ́ kọ jíjẹ, ó ya orí ènìyàn, ó sì gbé abọ́ sí i lẹ́nu. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí àwòrán àmì yìí nínú ìwé kan, n kò rí abọ́ Uruk, kóńgò ìyá mi ni mo rí. Màá padà sórí kóńgò náà.

Kí wàláà tó dé, amọ̀ ti ń ṣírò. Denise Schmandt-Besserat, obìnrin kan tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí ní ọdún 1969 tí ó sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1992, ni ó kó àwọn ẹyọ amọ̀ kéékèèké kan jọ tí àwọn mìíràn ti ń kó dànù. Àwọn kan rí roboto, àwọn kan rí ṣóńṣó. Ó ní láti nǹkan bí ọdún 8000 kí a tó bí Jésù ni àwọn àgbẹ̀ agbègbè náà ti ń fi wọ́n ka ohun ìní, ẹyọ kan fún nǹkan kan, gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣa òkúta sílẹ̀ bí a bá ń ka iṣu. Nígbà tí ó ṣe, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi amọ̀ bo àwọn ẹyọ náà, wọ́n mọ ọ́n roboto bí bọ́ọ̀lù, wọ́n sì fi èdìdì tẹ ara rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà fi ọwọ́ kàn án. Àléébù ibẹ̀ ni pé ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ní láti fọ́ ọ. Ni wọ́n bá ń tẹ iye àwọn ẹyọ náà sí ẹ̀yìn bọ́ọ̀lù kí wọ́n tó dí i. Kò pẹ́ tí ẹnì kan fi rí i pé bí ẹ̀yìn bá ti sọ ọ́, inú kò wúlò mọ́. Wọ́n tẹ bọ́ọ̀lù pẹlẹbẹ, ó di wàláà. Àwọn onímọ̀ kan kò gbà pé irú ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni ó di àmì kọ̀ọ̀kan bí obìnrin yìí ti wí, èmi náà sì rò pé ó na ọ̀rọ̀ náà jù níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ti àmì iye, àlàyé rẹ̀ dúró.

Bọ́ọ̀lù kan wà nínú irú wọn tí n kò lè gbàgbé. Nuzi, ní àríwá Ìráàkì, ni wọ́n ti rí i láàárín ọdún 1927 sí 1931, ó sì kéré ní ọjọ́ orí sí ti Uruk ní ohun tí ó ju 1,500 ọdún lọ. A. Leo Oppenheim ni ó ṣàlàyé rẹ̀ ní 1959. Ìkọ̀wé tí ó wà ní ẹ̀yìn rẹ̀ ka àgùntàn àti ewúrẹ́ tí kò jìnnà sí 50, òkúta wẹ́wẹ́ tí ó tó bẹ́ẹ̀ ni ó sì wà nínú rẹ̀. Akọ̀wé ni yóò ka ti ìta. Darandaran tí kò mọ̀wé ni yóò ka ti inú. Àwọn méjèèjì kò fọkàn tán ara wọn tán, bọ́ọ̀lù náà kò sì fi ọ̀kan ṣe ẹrú èkejì.

Ẹni tí ó bá fẹ́ ka àgùntàn kò nílò etí rárá, ojú ti tó. Wàhálà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí akọ̀wé bá fẹ́ sọ ẹni tí ó ni àgùntàn. Báwo ni a ṣe ń ya orúkọ? Orúkọ àwọn ará Súmérì a sì máa jẹ́ odidi gbólóhùn bíi tiwa, òrìṣà lókè, ọ̀rọ̀-ìṣe nísàlẹ̀, bí Ògúnfúnminírè àti Ifáfúnmiké. A lè ya irin fún Ògún, ṣùgbọ́n ta ni yóò ya "fún mi"? Nínú èdè wọn, ti ni ọfà. Til ni wíwà láàyè, kọ́ńsónáǹtì ìparí rẹ̀ a sì máa bọ́ nígbà púpọ̀, tí yóò fi ku ti. Akọ̀wé tí ó fẹ́ kọ ìyè ya ọfà. Lára àwọn wàláà kan láti Jemdet Nasr, ní nǹkan bí ọdún 3000 kí a tó bí Jésù, àmì ọfà yìí wà nínú orúkọ kan tí àwọn onímọ̀ kan kà sí pé Enlil, òrìṣà wọn, ni ó fún ni ní ìyè. Nígbà tí ó yá, wọ́n dẹ́kun yíya àwòrán, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi orí esùsú gígé tẹ amọ̀, àmì náà sì di ohun tí ó rí bí orí ìṣó. Ọfà kò jọ ọfà mọ́, kò sì sí ẹni tí ó bìkítà, nítorí pé kì í ṣe ojú ni ó ń kà á mọ́.

Ní ilẹ̀ Ṣáínà náà, lára egungun tí wọ́n fi ń dífá ní Anyang ní nǹkan bí ọdún 1250 kí a tó bí Jésù, àwòrán ọkà àlìkámà ni wọ́n fi kọ wíwá, nítorí pé ìró ọ̀rọ̀ méjèèjì súnmọ́ ara. Ẹ̀fà àti fà ni, kò sí ohun mìíràn.

Síbẹ̀, láti ìgbà ìṣirò Uruk títí di ìgbà tí a fi rí orin ìyìn tẹ́ḿpìlì àti ọ̀rọ̀ ìmọ̀ràn baba sí ọmọ lára wàláà ní Abu Salabikh, ó gbà tó 600 ọdún. Kì í ṣe nítorí àtikọ orin ni wọ́n ṣe wá ìwé. Wọ́n wá a nítorí pé ilé àká tẹ́ḿpìlì ń bọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn tí akọ̀wé kò mọ̀ rí, tí kò sì sí lọ́dọ̀ rẹ̀ nígbà tí ó ń ṣírò. Níbi yìí ni mo rò pé àrokò ti yà kúrò lọ́nà. Ẹni tí ó fi àrokò ránṣẹ́ àti ẹni tí ó gbà á mọ ara wọn. Ìránṣẹ́ yóò dé, yóò sì dárúkọ ẹni tí ó rán an. Àrokò lè sọ ìfẹ́, ogun, ikú àti ìkọ̀sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò fìgbà kan nílò láti dárúkọ ẹnikẹ́ni. Mo mọ̀ pé ẹnì kan lè bi mí léèrè nípa àwọn Inka ti ilẹ̀ Peru, tí wọ́n fi okùn oníkókó ṣàkóso ilẹ̀ tí ó tóbi ju ti ọ̀pọ̀ ọba lọ. Òótọ́ ni, n kò sì ní sọ pé ìlú ńlá gbogbo ni ó gbọ́dọ̀ bí ìwé. Ohun tí mo ń sọ ni pé níbi tí ìwé ti bí, orúkọ ni ó ti fipá mú àmì láti fetí sílẹ̀.

Mo sọ èyí fún kíláàsì náà nígbà tí a tún pàdé. Mo sọ fún wọn pé mo ti ṣì wọ́n lọ́nà, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọbìnrin tí ó nawọ́. Ìdí nìyí tí àpilẹ̀kọ mi àtijọ́ lórí àrokò kò fi sí nínú ìwé yìí. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí n kò sọ fún wọn.

Ìyá mi kò lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Ó ń ta gàrí, ẹ̀wà àti èlùbọ́ ní iwájú ilé wa ní ìlú kékeré kan tí kò jìnnà sí Ìbàdàn, kóńgò ni ó sì fi ń wọ̀n ọ́n. Àwọn oníbàárà a máa rà á láwìn. Bí wọ́n bá ti rà á, ìyá mi yóò mú èédú, yóò sì fa ìlà sára ògiri lójú ẹni tí ó rà á, ìlà kan fún kóńgò kan. Bí wọ́n bá san án, yóò fa ìbú lé e. Òkè àwọn ìlà náà ni àmì onígbèsè máa ń wà. Òòyà ni ó yà fún onídìrí, kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ yà o. Ẹja ni ó yà fún ẹlẹ́ja. Obìnrin kan wá wà tí à ń pè ní Ìyá Ọpẹ́. Kò ta epo, kò sì ní oko ọ̀pẹ. Abiyamọ kan bí abiyamọ ni, kò sí ohun tí ó ń ṣe tí ojú lè fi dá a mọ̀ yàtọ̀. Igi ọ̀pẹ ni ìyá mi yà fún un.

Ẹ tún un gbọ́ dáadáa. Ohùn ìsàlẹ̀ àti àárín ni ọ̀pẹ ní. Ohùn àárín àti òkè ni Ọpẹ́ ní. Bí akẹ́kọ̀ọ́ mi bá ṣe irú èyí nínú ìdánwò, máàkì rẹ̀ yóò lọ. Ìyá mi kò bìkítà nípa ohùn, àwọn akọ̀wé Súmérì náà kò sì bìkítà nípa kọ́ńsónáǹtì ìparí til. Obìnrin tí wọ́n ń pè ní aláìmọ̀wé ti kọ orúkọ ènìyàn sára ògiri nípa ìró rẹ̀.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1983, mo wà ní kíláàsì kejì ní ilé ẹ̀kọ́ girama. Àwọn ẹbí wa ń bọ̀ láti Èkó wá ṣe Kérésìmesì. Èmi ni ọwọ́ ìkọ̀wé mi dára jù ní kíláàsì wa, ojú sì ń tì mí pé wọn yóò bá èédú jágajàga lára ògiri iwájú ilé. Mo kà á sí ìdọ̀tí. Ní ọjọ́ tí ìyá mi lọ sí ọjà oko, mo po ẹfun sínú omi, mo kun ògiri náà láti òkè délẹ̀, ó funfun nini. Òyìnbó tí ó ṣe lẹ́ẹ̀dì ni ó ṣe ìrésà, èmi tí n kò ṣe ọ̀kan nínú méjèèjì ni mo pa ìwé ẹlòmíràn rẹ́. N kò tíì mọ̀ nígbà náà pé A tí mo ń fi yangàn nínú ìwé mi, àwòrán orí màlúù ni òun náà. Àwọn kan tí wọ́n ń sọ èdè ilẹ̀ Kénáánì ti yà á sára òkúta ní Serabit el-Khadim, ní aginjù Sínáì, ní nǹkan bí ọdún 1800 kí a tó bí Jésù. Bí a bá da A dojú dé, ìwo méjèèjì ṣì wà níbẹ̀.

Ìyá mi sọ ẹrù kalẹ̀ nígbà tí ó dé, ó wo ògiri, kò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ni ó ní, "Ta ni ó ní kí o pa ìwé mi rẹ́?" Mo rántí pé mo rò nínú ara mi pé kò mọ ohun tí à ń pè ní ìwé.

Kò lù mí. Gbogbo wọn ni ó rántí, ó mọ ẹni tí ó jẹ ẹ́ àti nǹkan bí iye tí ó jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n ìrántí kì í ṣe ẹ̀rí. Àwọn mẹ́ta ní àwọn ti san tiwọn. Ẹlẹ́ja ní kóńgò méjì ni, kì í ṣe mọ́kànlá, ó sì gba ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé lọ sí ọjà láti ìgbà náà. Nígbà tí ọdún tuntun wọlé, ìyá mi ta òfì rẹ̀ kan kí ó tó lè ra gàrí kún ọjà.

Ní alẹ́ ọjọ́ tí mo kun ògiri náà gan-an, ó ní kí n gbé fìtílà wá. Ó mú èédú, ó tún ya igi ọ̀pẹ sára ẹfun tí kò tíì gbẹ tán, ó wá rán mi lọ pe Ìyá Ọpẹ́. Ìyá Ọpẹ́ dé, ó pọn ọmọ sẹ́yìn. Ó wo ògiri, ó wò mí. Ìyá mi ní, "Ìyá Ọpẹ́, mélòó ni? Mẹ́fà ni mo rò." Ìyá Ọpẹ́ gba èédú lọ́wọ́ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì fa ìlà méje.